Àyà Jíjìn Nílé Akínladé

Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
Leeds, England.
14 Oṣù Kejì, 1971

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín, mo kí Màmá àti àwọn àbúrò mi méjèèjì. Ẹ kú iṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́tà mi tí ẹ fi bírò pupa tún kọ tí ẹ sì dá padà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo ṣì kọ. N ó máa ṣọ́ra. Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí tí Màmá fi ránṣẹ́ náà dé, àpò rẹ̀ kò tú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ, mo sì bẹ̀ yín kí àyà yín má já. Ẹ mọ bí àyà mi ṣe rí láti kékeré, bí àárín rẹ̀ ṣe jìn wọlé bí ẹni pé ẹnì kan fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ̀ pé n kì í bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ wẹ̀ lódò, àti pé Màmá ló máa ń fi aṣọ kún iwájú búláòsì mi kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nílé, mo rò pé ìtìjú nìkan ni. Níbí, mo ti rí i pé ó ju ìtìjú lọ. Wọ́ọ̀dù wa wà ní àjà kẹta. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn débẹ̀, ọkàn mi á máa lù kìkì, ń ṣe ni mo máa ń di ògiri mú, tí n óò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Níparí oṣù tó kọjá, èmi àti ẹnì kejì mi ń gbé ìyá arúgbó kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú mi ṣú. Díẹ̀ ló kù kí n jù ú sílẹ̀.

Mátírọ̀n, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì Akínladé, bó bá jẹ́ àìsàn ni, sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, sọ fún mi." Mo ṣí bọ́tìnnì aṣọ mi, mo fi hàn án. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn dìde, ó fúnra rẹ̀ bá mi de bọ́tìnnì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú mi lọ bá dókítà.

Wọ́n ya fọ́tò inú àyà mi. Dókítà fi hàn mí: egungun àárín àyà mi tẹ̀ wọlé bí àrọ tí a fi ń da kẹrosíìnì sínú ìgò. Ó ti ọkàn mi sí apá òsì, kò sì jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró mi ráyè fẹ̀ dáadáa. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú rẹ̀ tí kò dí wọn lọ́wọ́ ohunkóhun, àmọ́ tèmi jìn púpọ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ wà fún un. Mátírọ̀n sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí mi ò bá lè gbé aláìsàn, mi ò lè parí ẹ̀kọ́ yìí.

Dókítà bi mí bóyá ẹnì kan wà nílé wa tó ní irú àyà bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé tiyín náà jìn, ṣùgbọ́n pé ẹ̀ka igi ló wó lù yín lóko nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò mí díẹ̀, ó ní kí n tún bi yín wò. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi rò ó: bàbá yín, bàbá àgbà, ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí láìgbọ́ tẹnu yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Salome Àbẹ̀bí


Ilé-Ìwé Ìjọ, Ìdèrè,
nípasẹ̀ Igbó-Ọrà.
9 Oṣù Kẹta, 1971

Salome, ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara wa le. Òjò kò tíì rọ̀. Ní kíláàsì kẹrin, ọmọ mọ́kànlá ni sòbìyà kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn wá sílé-ìwé lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń pe orúkọ, ó dà bí ẹni pé àga ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Màmá rẹ kí ọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè dókítà rẹ: kò sí. Kò sí ẹni tí ó ní irú àyà bẹ́ẹ̀ nílé Akínladé. Tèmi, ẹ̀ka igi ni, gẹ́gẹ́ bí o ti sọ fún un, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó tún béèrè. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí ènìyàn bá fẹ́ gbé ìyàwó, àrùn ìdílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wádìí. O ní àbúrò obìnrin méjì tí wọn kò tíì wọlé ọkọ. Má ṣe kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà mọ́.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, èmi kò fara mọ́ ọn. Àyà kì í ṣe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹ̀mí ń gbé. Bí wọ́n bá la ibẹ̀ tí nǹkan sì yíwọ́, ta ni yóò bá mi gbé òkú ọmọ mi wálé láti ìlú òyìnbó? Èmi náà gbé tèmi dé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, mo sì ń jẹ, mo ń mu. Bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá ju agbára rẹ lọ, padà wálé. N ó bá àwọn alábòójútó ilé-ìwé sọ̀rọ̀, wọn yóò fún ọ ní kíláàsì kan ní Èrúwà. Tíṣà kì í gun àjà kẹta.

O fi àmì sí "ẹ̀dọ̀fóró" bó ti yẹ. Mo kíyè sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Akínladé


Ìdèrè,
28 Oṣù Kẹta, 1971

Àbẹ̀bí mi,

Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mò ń kọ ìwé yìí. Bó bá rí i, bírò pupa rẹ̀ á tán lórí rẹ̀, nítorí náà fojú fo àṣìṣe mi. Ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti kọ́ ìwé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ka lẹ́tà rẹ fún mi, àmọ́ mo rí i pé ó fo ibì kan. Nígbà tó lọ sílé-ìwé, mo mú un, mo kà á fúnra mi. Mo rí ohun tí dókítà béèrè. Ọmọ mi, má wá ẹlẹ́bi kiri mọ́. Èmi ni.

Nígbà tí o pé oṣù mẹ́ta, ìyá bàbá rẹ ń wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó pe gbogbo agbo ilé jọ. Ó fi ìka sí kòtò àyà rẹ, ó ní, "Ẹ wá wo ohun tí Rosaline fi ọ̀já ṣe fún ọmọ wa." Lóòótọ́, mo máa ń pọ̀n ọ́ lọ sí ọjà Igbó-Ọrà, ẹrù ẹ̀gúsí á wà lórí mi, mo sì máa ń so ọ̀já náà le kí o má baà yọ̀ ṣubú. Mi ò lè jiyàn. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n pọ̀n ọmọ mọ́. Ìyá Adérógbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló pọ̀n àwọn àbúrò rẹ méjèèjì títí wọ́n fi rìn. Wọ́n ní ọwọ́ mi le. Bí ọmọ mi bá ń sunkún, màá gbé e fún ẹlòmíràn kó bá mi pọ̀n ọ́n, èmi á sì jókòó máa wò wọ́n.

Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, nítorí mo ń bẹ̀rù pé o lè kórìíra mi. Ní báyìí, sọ fún dókítà pé, "Ìyá mi ló fi ọ̀já tẹ̀ mí láyà." Bó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, bóyá á rí oògùn tí kì í ṣe ọ̀bẹ.

Máa jẹun. Máa wọ aṣọ òtútù.

Ìyá rẹ,
Rosaline


Leeds,
20 Oṣù Kẹrin, 1971

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnira tí ẹ fi pamọ́ fún mi láti ọdún wọ̀nyí wá. Nígbà tí mo ka ìwé yín, mi ò lè lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kì í ṣe nítorí àyà mi, Màmá. Nítorí àwọn ọmọ tí wọn ò jẹ́ kí ẹ pọ̀n ni.

Mo mú ìwé náà lọ bá dókítà, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ilẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ sí ìyá rẹ báyìí pé kò sí aṣọ kankan láyé yìí tó lè ṣe èyí." Ó wá mú mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ọmọ òyìnbó méjì ló fi hàn mí, àyà wọn jìn gẹ́lẹ́ bíi tèmi. Ó ní kí n bi àwọn ìyá wọn bóyá wọ́n pọ̀n wọ́n rí. Màmá, àwọn ènìyàn ibí kì í pọ̀n ọmọ! Inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé wọn sí, tí wọ́n ń tì wọ́n kiri.

Ohun tó ń fà á nìyí, bí mo ṣe gbọ́ ọ sí. Egungun rírọ̀ kan wà tó so ẹfọ́nhà mọ́ egungun àárín àyà, ó rọ̀ bíi ti etí. Lára àwọn kan, egungun rírọ̀ yẹn máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí kò bá ríbi lọ, á ti egungun àárín wọlé. Inú oyún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ bá sì ti ń dàgbà ni á máa jìn sí i. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ìdí tó fi béèrè nìyẹn. Kò sí ọwọ́ yín níbẹ̀, Màmá. Kò fìgbà kan sí i.

Ẹ béèrè bóyá oògùn wà. Kò sí oògùn fún tèmi. Wọ́n á fún mi ní oògùn oorun, wọ́n á la iwájú àyà mi, wọ́n á gé àwọn egungun rírọ̀ tó gùn jù yẹn kúrò, wọ́n á gbé egungun àárín sókè, wọ́n á sì ki ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà jìn padà. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, nígbà tí egungun bá ti jinná, wọ́n á yọ irin náà. Wọn kò ní fọwọ́ kan ọkàn mi rárá. Mi ò ní parọ́ fún yín, iṣẹ́ abẹ ni, àwọn kan a máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ní ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń dìde. Wọ́n ti mú ọjọ́ kẹtàdínlógún Oṣù Kẹfà.

Ẹ rántí Babáfẹ́mi, ọmọ Èrúwà tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbí, tí mo sọ fún yín pé ó fẹ́ fẹ́ mi. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí a bá bí lè ní in. Kò yọjú fún ọjọ́ méjì, ẹ̀rù sì bà mí. Lọ́jọ́ kẹta ó wá, ó ní òun ti lọ bá dókítà náà fúnra òun láti béèrè ohun tó yẹ ká máa wò lára ọmọ. Òun ni yóò jókòó tì mí.

Ẹ fi ìwé yìí han Bàbá. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀bí


Leeds,
20 Oṣù Karùn-ún, 1971

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti kọ̀wé sí Màmá, n kò rí èsì láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kò tilẹ̀ fi bírò pupa dá a padà.

Bí ẹ bá ń bínú ni, ẹ bínú sí mi lórí tákàdá kí n lè kà á. Ní kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ti pinnu. Òfin ibí kò ní kí n gba àṣẹ bàbá, mo ti dàgbà tó. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ wọlé síbẹ̀ bí ọmọ tí kò ní ilé.

Ọmọ yín tó ń retí,
Salome


Ìdèrè,
2 Oṣù Kẹfà, 1971

Salome, ọmọ mi,

Má kọ́kọ́ bínú. Kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìyá rẹ gbé lẹ́tà rẹ sórí tábìlì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi ka èyí sókè. Mo ti kà á, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀wé." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀jẹ̀ ìdílé, mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó dúró. Mo wá sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí fún un.

Kò sí ẹ̀ka igi kankan tó wó lù mí.

Ní ọdún 1947, nígbà tí mo fẹ́ rán alárinà lọ sílé àwọn ìyá rẹ ní Igbó-Ọrà, ìyá mi pè mí sí yàrá. Ó ní bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, pé bàbá bàbá mi náà ní in. Òun ló dá ìtàn igi sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, kí àwọn ènìyàn má baà pè é ní àrùn ìdílé kí n má sì rí aya fẹ́. Ó ní kí n di ìtàn náà mú. Lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ, Àkànó, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, béèrè ní ojú gbogbo wa pé, "Ṣé kò sí àrùn kankan nílé yín?" Mo wọ kóòtù, mo de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní kò sí.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí ìyá mi nawọ́ sí Rosaline láàárín agbo ilé, mo wà níbẹ̀. Mo mọ òtítọ́. Ìyá mi mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó wojú mi, èmi náà wojú rẹ̀, mo sì bojú wolẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò tán nílẹ̀. Kò tán. Mo ń wo ìyá rẹ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń lọ sílé-ìwé lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ pípa kò dára.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ìyá rẹ kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ọdún mélòó?" Mo ní ọdún méjìlélógún. Ó ní, "Ó dáa." Ó palẹ̀ abọ́ tí mo fi jẹun mọ́, ó fọ̀ ọ́, ó di ẹrù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó lọ sílé Àkànó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ìdí tí o kò fi rí lẹ́tà nìyẹn. Mo ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo ń fà á ya.

Sọ fún dókítà rẹ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bàbá mi, èmi, ìwọ. Sọ fún un pẹ̀lú pé láti kékeré ni èémí mi kì í tó mi. Mi ò lè kọ ebè mẹ́wàá kí n tó jókòó. Bàbá mi pè mí lọ́lẹ títí ó fi sú u, ó ní kí wọ́n fi mí sílé-ìwé, ó kéré tán n ó wúlò fún ìwé. Báyìí ni mo ṣe di tíṣà.

Àṣẹ mi kọ́ ni ó yẹ kí o máa tọrọ. Síbẹ̀, mo fún ọ. Lọ, kí Ọlọ́run bá àwọn oníṣẹ́ abẹ náà mú ọwọ́ wọn dúró ṣinṣin. O ní ilé.

Bàbá rẹ,
Japheth Akínladé


Ìdèrè,
18 Oṣù Keje, 1971

Ọmọ mi,

Oṣù kan gbáko ti kọjá lórí ọjọ́ tí o dá. Mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Igbó-Ọrà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Akọ̀wé ibẹ̀ ti ń rí mi lókèèrè báyìí, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni á ti mi orí.

Bí mo bá kúrò níbẹ̀, mo máa ń yà sílé Àkànó. Ìyá rẹ kì í jáde ju ẹnu ọ̀nà lọ. Á bi mí pé, "Ìwé dé?" Màá ní kò tíì dé. Á ní, "Nígbà tó bá dé, ẹ máa bọ̀." Kò bú mi, kò sì fún mi ní àga. Lánàá, ó fún mi lómi.

Bí o bá wà láyé, kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Bí kò bá jẹ́ ìwọ ni yóò kọ ọ́, kí Babáfẹ́mi kọ ọ́.

Bàbá rẹ


Leeds,
25 Oṣù Keje, 1971

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jókòó pọ̀ ka èyí.

Mo wà láàyè. Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣì ti ń kọ ọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wákàtí mẹ́rin ni. Ó lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ibà gbé mi dè, omi gba inú ẹ̀dọ̀fóró mi lápá kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Kí ibà náà tó le, mo ti ní kí Babáfẹ́mi má kọ̀wé, mo rò pé n ó lè kọ ọ́ fúnra mi lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kejì sì ń sún síwájú. Ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo ka lẹ́tà Bàbá ti ọjọ́ kejì Oṣù Kẹfà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n gbé mi wọlé. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣàìsàn.

Ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bí mo bá húkọ́, bí ẹni pé wọ́n ń ya mí sí méjì ni. Mo ń mọ irin náà lára bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ dà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mátírọ̀n wá fúnra rẹ̀, ó dì mí lápá mú, ó ní ká jọ gun àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn méjìlá ni. Mo dé òkè, mo dúró, mo ń retí kí ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ ìlù rẹ̀. Kò lù ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mí sínú, èémí náà ń wọlé, ó ń wọlé, n kò mọ̀ pé inú mi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mátírọ̀n ní, "Kí ló dé tí o ń sunkún?" Mo ní kò sí.

Àpá rẹ̀ gùn láti ọmú kan dé èkejì. N ó parí ẹ̀kọ́ mi, wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Bàbá, dókítà gbọ́ ohun tí ẹ kọ. Ó ní wọn kì í sábà ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ẹni tó ti dàgbà tó yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù. Àwọn dókítà Ìbàdàn tó ń wá sí ilé ìwòsàn Igbó-Ọrà lè ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ.

Ọ̀kan kù, Bàbá. Ẹ ní mo ní ilé, mo sì dúpẹ́. Mo ti dárí jì yín níwọ̀n tó kàn mí. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn tí a fi kan Màmá lọ́jọ́ náà ṣì wà nínú agbo ilé.

Ọmọ yín,
Salome Àbẹ̀bí


Ìdèrè,
19 Oṣù Kẹsàn-án, 1971

Àbẹ̀bí mi, ọmọ tó lọ tó bọ̀,

Mo kí ọ, mo kí Babáfẹ́mi tó jókòó tì ọ́. Sọ fún un pé mo ní kó máa pè mí ní Màmá, kó má fi Madam pè mí mọ́ nínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí ìwé rẹ dé, bàbá rẹ kò lè dúró kó wọkọ̀. Ọ̀nà ni Àkànó ti bá a, ó ń sáré bọ̀, ìwé lọ́wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Mo gba ìwé náà, a jọ kà á ní ẹnu ọ̀nà. Mo fún un ní àga. Mi ò bá a lọ sílé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ránṣẹ́ pé kí èmi àti Àkànó wá sí Ìdèrè. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo agbo ilé Akínladé ti pé, tọmọdé tàgbà. Ó dúró láàárín wọn. Ṣé o mọ̀ pé bàbá rẹ kì í bọ́ ẹ̀wù níta, ooru ì báà mú tó báwo. Ó bọ́ agbádá, ó bọ́ bùbá, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ wò ó. Igi kankan kò wó lù mí. Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Èmi ni mo fún Salome, kì í ṣe ọ̀já Rosaline. Mo ti mọ̀ ọ́n kí a tó nawọ́ sí i, mo dákẹ́."

Ìyá Adérógbà fò dìde. Ó ní, "Japheth! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n má wá fẹ́ ọmọ nílé yìí mọ́ ni?"

Bàbá rẹ ní, "Ẹni tó bá máa fẹ́, kó mọ ohun tó ń fẹ́. Ẹnì kan fẹ́ èmi láìmọ̀, ẹ sì wo ohun tí a fi san án fún un."

Ó kọjú sí Àkànó, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àyà lásán lórí ilẹ̀. Ó kọjú sí mi. Mo ní kó dìde, eruku ti ń wọ̀ ọ́ lójú.

Mi ò padà lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ rò ó láìsí ẹni tó ń bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Adérógbà wá sí Igbó-Ọrà, ó ru iṣu tuntun márùn-ún. Ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, "Ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, Rosaline. Èmi náà gbà á gbọ́." Mo ní mo gbọ́. Mo gba iṣu náà. Iṣu kò ṣẹ̀ mí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo di apẹ̀rẹ̀ mi, mo padà sí Ìdèrè. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán nínú mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń wo àwọn àbúrò rẹ tí inú mi á tún ru. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, màá sọ fún un, á sì jókòó gbọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, ìwé ló máa ń mú.

A ti lọ rí dókítà ní Igbó-Ọrà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn sí bàbá rẹ láyà, ó gbọ́ iwájú, ó gbọ́ ẹ̀yìn. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ fún ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó má gbé ohun tó wúwo, kó máa wá lóṣooṣù. Ó wo àwọn àbúrò rẹ náà. Àyà wọn kò jìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an ni ti ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, ó ku òkè díẹ̀ tí a máa gùn dé ilé ìwòsàn. O mọ bí bàbá rẹ ṣe ń rìn. Á dúró kí ẹnì kan, á béèrè ọmọ rẹ̀, á béèrè ìyàwó rẹ̀. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró wo oko olóko. Á bẹ̀rẹ̀, á tún okùn bàtà so. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi rò pé ìwà àwọn tíṣà ni, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ọjà ń dúró dè mí.

Lọ́jọ́ yìí, ó dúró láàárín ọ̀nà. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò wo oko. Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní, "Rosaline, ó rẹ̀ mí."

Kò sọ ọ́ rí. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ mi kalẹ̀, mo ní kó fẹ̀yìn ti igi tó wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wa, èmi ni mo ń dáhùn. A dúró títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, a sì jọ rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rosaline